Ilé Àwọn Ahunṣọ ní Bibury

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí léèrè ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ilé kíkọ́: kí ni à ń pe òkúta tàbí igi tí ó dábùú lórí ẹnu ọ̀nà, kí ni à ń pe àyè tí ó wà lábẹ́ òrùlé, kí sì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí ènìyàn kọ́lé àti kí ó mọlé. Mo lè to àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni to àgbàdo sínú àká, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kò bá rí ibi tí ó ń gbé kì í pẹ́ lórí ẹni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ mú yín wọ inú ilé kan lọ. Ilé náà kì í ṣe ilé Yorùbá. Ilé olókùúta àtijọ́ ni, ní ìletò Bibury, ní àgbègbè Gloucestershire, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ahunṣọ ni wọ́n gbé inú rẹ̀ rí. Ọmọ ahunṣọ ni èmi náà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé tí ìró òfì ti máa ń gbalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bí a bá ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ óò rí ìdí tí ilé àwọn ẹlòmíràn yìí fi kàn mí.

Arlington Row ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ní tòótọ́. Ilé kéékèèké ni wọ́n, wọ́n fara ti ara wọn lẹ́sẹ̀ òkè kan, òrùlé wọn ga ó sì dà wálẹ̀ gan-an, odò Coln sì ń ṣàn nítòsí wọn. Àwọ̀ òkúta wọn dàbí oyin. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ràn sí i, a máa pọ́n díẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, a dàbí eérú. Àwọn ẹ̀dà ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì kan wà tí wọ́n tẹ àwòrán ilé yìí sí inú èèpo rẹ̀. Kò ní ṣàì sí ọmọ Yorùbá tí ó ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé àwọn aṣọ́bodè lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí kò sì mọ̀ pé ilé àwọn ahunṣọ tálákà ni òun ń fi hàn wọ́n.

Ní nǹkan bí 1380 ni wọ́n kọ́ ọ. Nígbà náà, kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n kọ́ ọ fún, irun àgùntàn ni. Ilé ìsìn tí ó ni àwọn àgùntàn náà ni ó ń kó irun wọn pamọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀ níhìn-ín. Àgùntàn tiwa, irun kúkúrú ni ó ní, bíi ti ewúrẹ́. Kò sí ẹni tí ń rẹ́ ẹ. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Irun àgùntàn àwọn òkè Cotswolds gùn, ó ṣù, ó sì wúwo, ọdọọdún ni wọ́n sì ń rẹ́ ẹ bí ẹni kórè oko. Ìdí nìyí tí èdè wa kò fi ní orúkọ pàtàkì fún un. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kàn pè é ní irun àgùntàn, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irun yìí ni owó. Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Ítálì àti Flanders a máa wá rà á, ọba a sì máa gba owó orí lórí rẹ̀. Títí di òní, nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wọn ní London, orí tìmùtìmù pupa tí wọ́n fi irun àgùntàn kún ni olórí ilé náà ń jókòó sí, kí ó má ṣe gbàgbé ibi tí ọrọ̀ ìlú ti wá.

Láàárín 1536 sí 1540, Ọba Henry Kẹjọ tú ilé àwọn mọ́ńkì ká ní gbogbo ilẹ̀ náà, ohun ìní wọn sì bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n pín ilé ìkó-irun-sí yìí sí kéékèèké, wọ́n la fèrèsé sí i lára, wọ́n kọ́ ààrò àti ọ̀nà èéfín sí i, àwọn ahunṣọ sì kó wọlé.

Òkúta náà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Òkúta ẹfun ni. Ó lé ní mílíọ̀nù 160 ọdún sẹ́yìn tí òkun bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, òkun tí kò jìn, tí omi rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbì a máa yí èérún ìkarahun àti iyanrìn sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀ òkun náà, ẹfun inú omi a sì máa bò ó ní ìpele ìpele, bí àwọn obìnrin tí ń ṣe ẹ̀pà oníyẹ̀fun ṣe ń yí ẹ̀pà nínú abọ́ títí yóò fi nípọn. Bí ẹ bá fojú sún mọ́ ògiri náà, ẹ óò rí i pé hóró róbótó róbótó ni òkúta náà, ó dàbí ẹyin ẹja gẹ́lẹ́. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ní èdè Gíríkì kò jìnnà sí èyí: òkúta ẹyin.

Ìwà kan wà lára òkúta yìí tí ó wù mí púpọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á nínú ilẹ̀, ó rọ̀. Omi wà nínú rẹ̀, ènìyàn lè fi ayùn rẹ́ ẹ, kí ó sì fi ìwọ̀n gbẹ́ etí fèrèsé sí i lára. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, omi náà a gbẹ jáde, ojú òkúta a sì le. Nítorí náà agbẹ́kùúta tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi òkúta tuntun falẹ̀.

Wàyí o, èwo ni kí á wí: ṣé wọ́n kọ́ ilé yìí ni, àbí wọ́n mọ ọ́n? Kíkọ́ ni ọ̀rọ̀ gbogbogbòò. Ohun yòówù tí a bá fi ṣe ilé, a kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mímọ jẹ́ ti amọ̀. À ń mọ ìkòkò, à ń mọ odi ìlú, à ń mọ ilé. Àwọn baba wa yóò po amọ̀, wọn yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn yóò mọ ìpele kan yí gbogbo ilé ká, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé ìkejì lé e. Mọlémọlé ni oníṣẹ́ náà. Orúkọ yìí mọ́ ènìyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe ẹni tí ń to búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ní mọlémọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ọwọ́ kan amọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ilé Bibury ní tirẹ̀, èmi yóò sọ pé wọ́n to ó ni. Wọ́n to ògiri méjì, ọ̀kan ní ìta, ọ̀kan ní inú, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀ kún àárín wọn. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti òkúta gígùn kan bọ̀ ọ́ láti ìta dé inú, kí ó di ògiri méjèèjì mú kí wọ́n má baà yà. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì jọ ògiri amọ̀ wa ní ọ̀nà yìí: bí oòrùn bá mú ní ìta, inú tutù, bí òtútù bá mú, ògiri náà a di ooru ààrò sínú.

Òrùlé ni ìyanu ibẹ̀. Òkúta náà ni, kì í ṣe páànù, kì í ṣe koríko. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà rí àwọn kan nínú rẹ̀ ni pé wọn yóò wa òkúta jáde nínú ilẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé, wọn yóò tẹ́ ẹ sí ìta, wọn yóò máa bu omi sí i kí ó má gbẹ, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ fún òtútù. Bí omi inú òkúta bá di yìnyín, a wú, a sì la òkúta náà sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Òtútù ni lébìrà wọn. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò lu ihò kan sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò ki èèkàn igi kékeré bọ̀ ọ́, èèkàn náà ni yóò sì fi kọ́ sára igi òrùlé. Àwọn tí ó tóbi jù ni wọ́n ń tò sí etí òrùlé nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń gòkè ni òkúta ń kéré sí i, títí tí ti ṣóńṣó òrùlé kò fi ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní orúkọ fún òkúta kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní àpọ́n! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Gbogbo èyí wúwo kọjá sísọ, ìdí sì nìyẹn tí igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fi jẹ́ igi óákù, tí òrùlé náà sì fi dà wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: bí ó bá tẹ́jú, omi òjò yóò rápálá wọ abẹ́ òkúta.

Inú irú ilé yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Bibury, mo ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà fún ọdún méjì lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ jẹ́ irú kan náà. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní Màmá, nígbà tí ó sì yá, ó gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé Màmá, ẹ ó kọ́kọ́ tẹrí ba, nítorí pé àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sílẹ̀. Àtẹ́rígbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ni òkúta tàbí igi tí ó dábùú lórí ẹnu ọ̀nà. Ìloro kò sí; láti ìta, inú yàrá ni ẹsẹ̀ bọ́ sí tààrà. Ààrò ńlá kan gba ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ògiri apá kan, ihò búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì láyé àtijọ́. Lẹ́yìn ààrò yìí ni àtẹ̀gùn wà, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ó sì há tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè gbé pósí gbà á. Àjà ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe yàrá ìbùsùn, bẹ́ẹ̀ àwa ń fi tiwa pa àgbàdo àti ẹrù àtijọ́ mọ́ ni.

Fèrèsé kéré. Òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé nàró láàárín rẹ̀, tí wọ́n sì fi dígí kéékèèké sí àlàfo, òkúta mìíràn sì yọrí lókè rẹ̀ bí ìpéǹpéjú kí omi òjò má baà ṣàn sórí dígí. Láti 1696 títí di 1851, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí lórí fèrèsé. Ẹni tí fèrèsé rẹ̀ bá ti pọ̀ kọjá iye kan yóò sanwó, èyí tí ó mú kí àwọn kan fi òkúta dí tiwọn. Ẹ wo ìjọba tí ń gba owó ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn!

Fún ahunṣọ, ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Bí òfì ṣe rí ní Ìsẹ́yìn, ìta ni a ń gbé e sí, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ àtíbàbà. Òwú a nà lọ sí ojú àgbàlá, a sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ níwájú kí ó fà. Oòrùn wà, ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí ni, à ń dáhùn. Àwọn ará Bibury kò ní irú àǹfààní yìí. Òtútù lé wọn wọlé. Nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn ni wọ́n ti ń ju ọ̀kọ̀ òfì síwá sẹ́yìn, ìyàwó àti ọmọ ń rànwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a sì ń fi aṣọ tí wọ́n hun ránṣẹ́ sí ilé ọlọ Arlington, tí odò ń yí ẹ̀rọ rẹ̀, láti fọ̀ ọ́ kí a sì lù ú títí yóò fi ki. Lẹ́yìn náà wọ́n á nà á sórí igi ní pápá tí omi yí ká níwájú ilé náà, kí ó gbẹ kí ó má sì sún kì. Pápá náà wà níbẹ̀ di òní. Rack Isle, erékùṣù igi ìnàṣọ, ni wọ́n ń pè é, ẹyẹ omi ni ó sì ń gbé ibẹ̀ báyìí.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ó parí fún wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Stroud, àti ní Yorkshire níhà àríwá, ń hun ní ọjọ́ kan ohun tí ahunṣọ ilé kò lè hun ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ ahunṣọ di alágbàṣe lóko olóko. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí, nítorí pé àwọn ìwé arìnrìn-àjò kì í sọ ọ́: òṣì ni ó dá ilé náà sí. Bí owó bá wà ní ìletò náà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, wọn ìbá ti wó o, wọn ìbá kọ́ ilé gíga onífèrèsé gbàràmù gbaramu sí ipò rẹ̀. Kò sí owó, ilé náà sì dúró. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn ayàwòrán láti ìlú ńlá dé, tí wọ́n wò ó tí wọ́n sì wí pé ó lẹ́wà. William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà tí ó gbajúmọ̀, wà lára àwọn tí ó yin Bibury.

Ní 1929, wọ́n ra Arlington Row kí ó má baà bàjẹ́, Royal Society of Arts sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Láti 1949 ni ó ti wà lọ́wọ́ National Trust, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn ilé àti ilẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin ti sọ ọ́ di ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó, àní tí a kò gbọdọ̀ pààrọ̀ fèrèsé rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ìtàn kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ, pé Henry Ford, ọlọ́kọ̀ Amẹ́ríkà nì, fẹ́ ra gbogbo ọ̀wọ́ ilé náà kí ó sì kó o lọ sí ìlú rẹ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ìdí ọtí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dájú ni pé ó ra ilé mìíràn ní Chedworth, abúlé tí kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Àwọn òṣìṣẹ́ tú u ní òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n sàmì sí wọn, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì tún un tò ní Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní 1930. Ó wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí, nínú Greenfield Village, àwọn ènìyàn sì ń sanwó wò ó. Mo ti rí àwòrán rẹ̀. Òkúta kò kú, ṣùgbọ́n ilé tí a gbé kúrò lórí ilẹ̀ tí a ti wà á jáde, èmi kò mọ ohun tí à bá máa pè é ní èdè Yorùbá.

Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú Arlington Row, ìyẹn náà sì ní wàhálà tirẹ̀. Ní 2017, bàbá arúgbó kan tí ń gbé ní ibẹ̀ ní ọkọ̀ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹyin adìẹ. Àwọn tí ń wá ya fọ́tò ti ń kùn pé ọkọ̀ náà ń ba àwòrán àwọn jẹ́. Ní òru ọjọ́ kan, ẹnìkan fọ́ gíláàsì rẹ̀, ó sì fi irin kọ ọ́ sí i lára pé kí ó kó kúrò. Lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ẹlòmíràn tí ọkọ̀ wọn ní irú àwọ̀ kan náà kóra jọ láti onírúurú ìlú, wọ́n sì wa ọkọ̀ wọn gba Bibury kọjá láti fi bá bàbá náà kẹ́dùn. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ilé ni ilé. Ẹni tí ń sùn nínú rẹ̀ ni ó ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Mo fẹ́ padà sí ilé Màmá, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí ó kan ilé bàbá mi. Ní gbogbo ìgbà òtútù, ògiri yàrá rẹ̀ a máa sunkún. Omi a máa yọ lára rẹ̀, ọ̀dà a máa ṣí, Màmá a sì máa wúkọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ pe agbẹ́kùúta kan. Ọkùnrin náà fi ìka ha àárín òkúta níta, ó sì mi orí. "Ta ni ó fi sìmẹ́ǹtì sí ibí yìí?" ni ó bèèrè. Ó ṣàlàyé fún mi, bí mo ti dúró tì í, pé ẹfun ni àwọn àgbà fi ń so òkúta pọ̀. Wọn a sun òkúta ẹfun nínú iná títí yóò fi funfun tí yóò sì fúyẹ́, wọn a bu omi sí i, a hó bí ìkòkò, wọn a sì fi iyanrìn pò ó. Ẹfun yìí rọ̀ ju òkúta lọ. Bí òjò bá wọ ògiri, ẹfun náà ni omi ń gbà jáde nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi kọjá. Omi tí ó bá ti wọlé kò rí ọ̀nà mìíràn ju inú òkúta àti inú yàrá lọ, bí yìnyín bá sì mú un nínú òkúta, ojú òkúta a bẹ́ dànù, sìmẹ́ǹtì a sì kù sílẹ̀ bí egungun ìhà. Ẹ rántí pé irú òkúta kan náà ni wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ọn àti iná tí ó gbóná jù ú lọ ni ó yí ìwà rẹ̀ padà. Ọkùnrin náà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò, ó sì fi ẹfun dí i. Ní ìgbà òtútù tí ó tẹ̀ lé e, ògiri gbẹ.

Màmá ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé náà, ẹni tí ó rà á kì í wá ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Iye tí wọ́n tà á, bí mo bá kọ ọ́ síhìn-ín, ẹ óò rò pé mo ṣi nọ́ńbà kọ ni. Ahunṣọ kò lè ra ilé ahunṣọ mọ́.

Ní Ìsẹ́yìn, bàbá bàbá mi ni ó mọ ilé wa, amọ̀ ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní 1978, bàbá mi rí owó díẹ̀, ó sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ara rẹ̀ níta. Ìgbéraga rẹ̀ ni. Wọn kò ní lè pè é ní onílé amọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ogún ọdún wá ni sìmẹ́ǹtì náà ti ń ṣí ní àbá bí èèpo igi, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì tutù bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó wà ní Ìbàdàn pè mí pé àwọn fẹ́ wó ilé náà palẹ̀, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí fún wọn, láti orí àgùntàn títí dé orí ẹfun. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Àwọn ahunṣọ tí ò ń sọ yẹn, ká ní wọ́n rí owó, ṣé wọn kò ní wó o?"

Mo ní, "Wọn yóò wó o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ni yóò máa gbé inú tiwa? Ṣé ìwọ tí o wà lọ́hùn-ún? Àbí òyìnbó ni yóò máa wá ya fọ́tò rẹ̀?"

Èmi kò rí èsì fún ìyẹn, nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ilé amọ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ kì í pẹ́ wó. Ènìyàn ni ó ń rí ibi tí ó ti sán, tí ó sì ń fi amọ̀ dí i. Àbúrò wa obìnrin tí ó ń gbé ní Ìsẹ́yìn ni ó bá wa yanjú rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan ṣì ń hun òfì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú lójoojúmọ́, wọ́n sì ń san owó díẹ̀ fún un. Bí a bá wó ibẹ̀, níbo ni kí wọ́n gbé òfì wọn lọ? Ọ̀rọ̀ kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fẹnu kò pé kí wọ́n wó yàrá mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn, níbi tí òjò ti bà á jẹ́ tán, kí ilé búlọ́ọ̀kù sì lọ síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìloro àti yàrá méjì iwájú yóò dúró, ṣùgbọ́n a ó ha sìmẹ́ǹtì bàbá mi kúrò lára wọn.

Wọ́n wá mọlémọlé kan rí, àgbàlagbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ó ṣì mọ bí a ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ ọ̀gán àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ògiri. Ó bi wá bóyá ọpọlọ wa pé, nítorí gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń sanwó fún un láti fi sìmẹ́ǹtì bo amọ̀, àwa ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sanwó kí ó bó o kúrò. Ó gbà láti ṣe é, ó sì ní kí wọ́n má ṣe bá òun ní òwò àánú. Iye iṣẹ́ náà ni òun yóò gbà. Nígbà tí mo pe àbúrò wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti bó ògiri méjì, ó ku èyí tí ó kọjú sí títì. Amọ̀ ti ń gbẹ. Wọ́n ti ta tapólì sórí rẹ̀ nítorí òjò, àwọn ahunṣọ sì ti sún òfì wọn sí apá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí èérún má baà bọ́ sórí òwú.